OHÙN MẸ̀KÚNNÙ LÓRÍ TẸLIFÍṢỌ̀N: LÁTI MONTREAL DÉ NEW YORK

Ìfáàrà

Kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó dé, akéde ni ọba ń rán sí ìgboro. Bí agogo bá ti dún, tọmọdé tàgbà a dákẹ́, ọ̀rọ̀ ààfin a sì dé etí gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n agogo kan náà kì í dún láti àdúgbò lọ sí ààfin. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn ní láti tọ baálé rẹ̀ lọ, baálé a tọ ìjòyè lọ, ìjòyè ni yóò sì pinnu bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dé iwájú ọba. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n di ohun ìkéde ńlá ní ilẹ̀ òkèèrè, ipa ọ̀nà akéde yìí ni ó tọ̀. Ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá sí yàrá onílé, onílé kò sì ní ọ̀nà tí yóò gbà fèsì. Bí tálákà bá tilẹ̀ hàn nínú àwòrán, ẹlòmíràn ni ó ń ṣàlàyé ìṣẹ́ rẹ̀ fún ayé gbọ́.

Láti ọdún 1967, àwọn ènìyàn kan ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àti lẹ́yìn náà ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti mú kí agogo náà dún láti ìsàlẹ̀ wá. Wọ́n fi kámẹ́rà lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, wọ́n wá àyè fún un lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jà títí òfin fi ti àyè náà lẹ́yìn. Ìtàn wọn kọ́ni pé ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ohùn mẹ̀kúnnù jáde kí ó sì pẹ́: ọwọ́ tí ó di ẹ̀rọ mú, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ, àti òfin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ nìkan kò tó.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni

Ọdún 1939 ni ìjọba Kánádà dá Àjọ Fíìmù Orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NFB. John Grierson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbàgbọ́ Grierson ni pé fíìmù lè kọ́ ará ìlú ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí ìjọba kéde ní àárín àwọn ọdún 1960 pé òun yóò gbógun ti ìṣẹ́ àti òṣì, ọ̀dọ̀ àjọ yìí ni ó lọ, pé kí ó fi fíìmù ṣàlàyé ìgbé ayé tálákà fún àwọn tí ó rí jẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni The Things I Cannot Change, fíìmù tí Tanya Ballantyne darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1967. Àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù lọ bá ìdílé tálákà kan ní Montreal, ìdílé tí ọmọ wọn pọ̀, tí bàbá wọn kò sì ríṣẹ́ gidi ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ya àwòrán ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà: àìtó owó, ìjà bàbá pẹ̀lú ará ìta, ìrọbí ìyá. Àánú ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè, àwọn aládùúgbò fi ìdílé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò fi fíìmù náà han àwọn onílé kí gbogbo ayé tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ilé tálákà ṣe di ohun ìwòran, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ibi fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àlejò tí ó gbé kámẹ́rà wọ ilé lè rí òṣì onílé, kí ó má rí ọgbọ́n tí onílé fi ń gbé inú òṣì náà. Kì í ṣe inú rere ni ó ṣe àìní nínú iṣẹ́ yìí bí kò ṣe ẹ̀tọ́: ẹ̀tọ́ onílé láti wo àwòrán ara rẹ̀, láti ní kí wọ́n yọ ohun tí kò fẹ́, àti láti sọ ìtàn náà bí òun ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1967 kan náà ni NFB àti àwọn ẹ̀ka ìjọba mélòó kan dá ètò Challenge for Change sílẹ̀, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ní èdè Faransé ń jẹ́ Société nouvelle. NFB ń san ìdajì owó rẹ̀, àwọn ẹ̀ka ìjọba ń san ìdajì yòókù, ó sì wà títí di ọdún 1980. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ó ṣòro nínú ètò náà ti hàn: owó ìjọba ni wọ́n fẹ́ fi fún ará ìlú ní ẹnu tí yóò fi bá ìjọba wí.

Erékùṣù Fogo

Kì í ṣe inú ìlú ńlá ni ọ̀nà tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù Fogo wà ní etí òkun Newfoundland, ní ìlà-oòrùn Kánádà. Iṣẹ́ ẹja pípa ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, ní nǹkan bí abúlé mẹ́wàá tí ó tò sí etí omi, iṣẹ́ náà kò sì mówó wọlé mọ́. Ní àkókò yìí, ìjọba ń kó àwọn ará abúlé etí òkun kúrò ní ilẹ̀ baba wọn lọ sí àwọn ìlú tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ará Fogo pé ọ̀rọ̀ náà yóò kàn wọ́n. Ní ọdún 1967, Colin Low ti NFB lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Donald Snowden, ẹni tí ó ń ṣàkóso ìkọ́ni àwọn ará ìta ní Memorial University.

Low kò ṣe fíìmù ńlá kan tí yóò dá ẹjọ́ gbogbo erékùṣù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fíìmù kéékèèké ni ó ṣe, wọ́n lé ní 20, ẹnì kan tàbí ọ̀rọ̀ kan ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wò ó. Bí ó bá sì ní kí wọ́n yọ ohun kan kúrò, wọn a yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé àwọn fíìmù náà láti abúlé dé abúlé. Àwọn tí ọ̀nà jíjìn àti ìyàtọ̀ ìjọ ti yà sọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n sì rí i pé ìṣòro kan náà ni ó ń bá gbogbo wọn fínra. Àwọn fíìmù náà tún dé iwájú ìjọba Newfoundland, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ẹja pípa wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sì fi fíìmù dá wọn lóhùn. Àwọn ará Fogo dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ta ẹja, wọn kò sì kó kúrò ní erékùṣù náà.

Kì í ṣe fíìmù nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ti ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, agogo ti dún láti abúlé dé ààfin, ààfin sì ti dáhùn. Ohun kan ni ó kù: ọwọ́ Low, àlejò, ni kámẹ́rà náà ṣì wà.

Saint-Jacques, ọdún 1969

Kámẹ́rà fíìmù ìgbà náà wọ́n, ó wúwo, iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe sì ni lílò rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fọ fíìmù kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé Portapak jáde, kámẹ́rà fídíò tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé kọ́ èjìká pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán àti ohùn sílẹ̀. Téèpù rẹ̀ ṣeé wò lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún un lò. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fíìmù rí lè mọ̀ ọ́n lò láàárín àkókò díẹ̀.

Obìnrin méjì nínú NFB, Dorothy Todd Hénaut àti Bonnie Sherr Klein, ni ó rí ohun tí ẹ̀rọ yìí lè dà ní ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Wọ́n gbé e lọ bá Ìgbìmọ̀ Ará Ìlú Saint-Jacques. Àdúgbò kan ní àárín gbùngbùn Montreal ni Saint-Jacques. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń sọ, owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ilé tí wọ́n ń gbé sì ti gbó. Kì í ṣe NFB ni ó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì ti ṣí ilé ìwòsàn tiwọn ní ọdún 1968 fún àwọn tí kò rí owó dókítà san.

Klein àti Hénaut kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè lo kámẹ́rà, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ gbé e jáde sí ojú pópó. Wọ́n ń bi àwọn tí ń kọjá léèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n àti ohun tí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn fúnra wọn ni ó jókòó ti téèpù náà, tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì tò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn, wọ́n fi téèpù náà hàn, ìjíròrò sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìṣòro ara wọn lójú àwòrán. Klein ṣe fíìmù nípa iṣẹ́ yìí ní ọdún 1969, ó pè é ní VTR St-Jacques.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí níhìn-ín ni gígé àti títò. Ẹni tí ó ń gé fíìmù dà bí ògbufọ̀. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ó sì lè jẹ́ ẹ bí ó ti wù ú. Ní Fogo, wọ́n gba ẹni tí ó sọ̀rọ̀ láyè láti kọ ohun tí ògbufọ̀ sọ. Ní Saint-Jacques, wọ́n kò lo ògbufọ̀ mọ́ rárá. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, àwọn ará Saint-Jacques sì fi ọwọ́ ara wọn tún ìròyìn ara wọn ṣe.

Síbẹ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé kò tóbi tó ìlú. Ní ọdún 1970, àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú ní Montreal para pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú FRAP sílẹ̀. Nínú ìbò ìlú ní oṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin ogun dè ìlú, FRAP kò rí ìjókòó kan ṣoṣo gbà. Jean Drapeau tí ó jẹ́ olórí ìlú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kó gbogbo rẹ̀. Mẹ̀kúnnù ti ní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbà kọjá àdúgbò rẹ̀ ni kò tíì ní.

Wáyà abẹ́ títì New York

Láti ọdún 1968 sí 1970, George Stoney ni ó darí ètò Challenge for Change. Ọmọ ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní ọdún 1916, ó sì ti ń ṣe fíìmù ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pè é sí Kánádà. Nígbà tí ó padà sí New York, òun àti Red Burns, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Ottawa, dá Alternate Media Center sílẹ̀ ní New York University ní ọdún 1971. Ọ̀nà tí kò sí ní Saint-Jacques ni wọ́n wá rí níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n oníwáyà.

Ó yẹ kí a mọ bí tẹlifíṣọ̀n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ti àtijọ́ ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, àyè tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kò sì pọ̀. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta, CBS, NBC àti ABC, fi gba ojú ọpọ́n ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn ará ìlú kéékèèké tí òkè yí ká, tí àwòrán kì í dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi wáyà fa àwòrán láti orí rẹ̀ wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, wáyà náà wọ ìlú ńlá tí ilé gogoro ti ń dí àwòrán lọ́wọ́. Ìkànnì tí wáyà kan lè gbé pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ gbà lọ.

Ṣùgbọ́n wáyà kò lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Abẹ́ títì ni wọ́n ń rì í mọ́, títì sì jẹ́ ti gbogbo ará ìlú. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gbẹ́ títì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìlú, ìlú náà sì lè béèrè ohun kan ní ìdúnàádúrà. Ibí yìí ni mẹ̀kúnnù ti rí ẹsẹ̀ gbé lé. Ní ọdún 1968, ìgbìmọ̀ kan tí Fred Friendly jẹ́ alága rẹ̀ ti gba John Lindsay, olórí ìlú New York, nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ wáyà. Ní ọdún 1970, ìlú náà fún ilé-iṣẹ́ méjì ní ìwé àṣẹ fún Manhattan: Sterling fún apá gúúsù, TelePrompTer fún apá àríwá tí Harlem wà. Ìlú náà sì là á sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún ará ìlú láti lò.

Ní oṣù keje ọdún 1971 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ìkànnì náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gba àyè, ilé-iṣẹ́ oníwáyà kò sì ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀rọ̀ tí yóò jáde. Ní ọ̀dọ̀ Stoney àti Burns ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Portapak. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ àti ọ̀nà pàdé.

Ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ àlòkù ní Chinatown

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà là tán, ìbéèrè mìíràn dìde: ta ni yóò wò ó? Oṣooṣù ni oníwáyà ń gba owó. Ẹni tí owó ilé ń há lọ́fun kò ní í fi owó oúnjẹ san owó wáyà. Àwọn agbègbè ìlú náà tí ó wà lẹ́yìn Manhattan, bí i Bronx àti Brooklyn, tilẹ̀ dúró títí di àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó rí wáyà púpọ̀. Mẹ̀kúnnù lè sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì, kí mẹ̀kúnnù ẹgbẹ́ rẹ̀ má sì rí i.

Jon Alpert àti aya rẹ̀ Keiko Tsuno fi ọgbọ́n mìíràn yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1972 ni wọ́n dá Downtown Community Television Center sílẹ̀ ní Chinatown, àdúgbò àwọn ará China ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Wọ́n ra ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ àlòkù kan, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí i, wọ́n sì ń wà á lọ sí ìkóríta láti fi téèpù wọn han àwọn tí ń kọjá. Ìkóríta kò ṣeé tàn jẹ. Bí téèpù kò bá kan ìgbé ayé àwọn tí ń wò ó, wọn a bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá kàn wọ́n, wọn a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ṣe ń tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé. Wọ́n ń kọ́ àwọn ará àdúgbò ní fídíò yíyà láìgba owó. Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ wọn dé orí tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó jáde ní òpin àwọn ọdún 1970 dá lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtọ́jú olówó àti ti tálákà ní ilé ìwòsàn.

Ìjà òfin

Ìwé àṣẹ ìlú kan kò lè dáàbò bo gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1972, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé ní agbègbè 100 tí ọjà tẹlifíṣọ̀n ti tóbi jù, oníwáyà tuntun gbọ́dọ̀ ya ìkànnì mẹ́ta sọ́tọ̀: ọ̀kan fún ará ìlú, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọdún 1976, àjọ náà tún òfin yìí ṣe, ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníwáyà tí oníbàárà wọn bá tó 3,500.

Àwọn oníwáyà kò gbà. Midwest Video Corporation gbé FCC lọ sí ilé-ẹjọ́, ní ọdún 1979 sì ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá oníwáyà láre. Àlàyé ilé-ẹjọ́ náà ni pé ṣe ni FCC fẹ́ sọ oníwáyà di ọlọ́kọ̀ èrò tí kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti san owó, òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi dá FCC sílẹ̀ kò sì fún un ní agbára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀nà tí wọ́n fi ọdún méje là fi di èyí tí ẹnikẹ́ni lè dí.

Àwọn tí ó ń lo ìkànnì náà kò jókòó sílẹ̀. Ní ọdún 1976 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí ó ń jẹ́ National Federation of Local Cable Programmers. Wọ́n padà sí ibi tí agbára mẹ̀kúnnù ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe títì. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkànnì ará ìlú sínú ìwé àṣẹ kí wáyà tó wọlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1984, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n oníwáyà. Òfin náà gba ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti béèrè ìkànnì fún ará ìlú, fún ẹ̀kọ́ àti fún ìjọba. Ó gba ìlú láyè láti gba owó tí kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún oníwáyà. Ó sì kà á léèwọ̀ fún oníwáyà láti máa ṣẹ́ ọ̀rọ̀ tí ará ìlú fẹ́ sọ lórí ìkànnì náà. Ṣùgbọ́n ó ní ìlú lè béèrè; kò ní ìlú gbọdọ̀ béèrè. Ìlú tí ará rẹ̀ bá sùn kò rí nǹkan gbà.

Ọ̀nà méjì, ìgbẹ̀yìn méjì

Kánádà ni ọgbọ́n náà ti wá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà náà kò ti dúró ṣinṣin. Ní ọdún 1971, CRTC, àjọ tí ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n ní Kánádà, rọ àwọn oníwáyà láti ní ìkànnì àdúgbò. Ní ọdún 1975 ó sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníwáyà ni ìkànnì náà wà. Oníwáyà ni ó ni sítúdíò, òun ni ó ń san owó òṣìṣẹ́, òun ni òfin sì mọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde. Ará àdúgbò jẹ́ àlejò lórí ìkànnì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí CRTC wá gbà ní ọdún 2016 pé kí àwọn oníwáyà ní àwọn ìlú ńlá lè fi owó ìkànnì àdúgbò gbọ́ ti ìròyìn, ilé-iṣẹ́ Shaw ti ìkànnì àdúgbò rẹ̀ ní Vancouver, Calgary àti Edmonton pa ní ọdún 2017. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ti ilẹ̀kùn.

Ní New York, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ Paper Tiger Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìkànnì ará ìlú ní ọdún 1981. Ní ọdún 1991 ni wọ́n dá Manhattan Neighborhood Network, tàbí MNN, sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ìkànnì ará ìlú ní Manhattan, kí wọ́n má baà wà ní ìkáwọ́ oníwáyà. Ní ọdún 2012, MNN ṣí ilé-iṣẹ́ kejì sínú ilé panápaná àtijọ́ kan ní East Harlem, àdúgbò tí àwọn ọmọ Puerto Rico ń pè ní El Barrio.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ti dé. DeeDee Halleck, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Paper Tiger sílẹ̀, àti akéwì Jesús Papoleto Meléndez ṣe fíìmù kan tí ó bá MNN wí pé kò ka àwọn ará East Harlem sí tó. MNN gbé fíìmù náà jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó dá àwọn méjèèjì dúró ní lílo ilé-iṣẹ́ àti ìkànnì rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àwọn lójú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá MNN láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Àwọn márùn-ún ní MNN kì í ṣe ìjọba, ìjọba nìkan ni òfin ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sì dè. Sonia Sotomayor, ẹni tí wọ́n bí sí Bronx, ni ó kọ èrò àwọn mẹ́rin tí ó kù: ó ní iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìlú ni MNN ń bá ìlú ṣe, nítorí náà ohun tí ó de ìlú gbọ́dọ̀ dè é.

Èyíkéyìí tí ènìyàn bá fara mọ́, ohun kan dájú. Àwọn tí wọ́n gba ìkànnì lọ́wọ́ oníwáyà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tí ó wà láti ọjọ́ Saint-Jacques: bí ará àdúgbò bá fẹ́ bá ẹni tí ó di ìkànnì mú wí, orí ìkànnì wo ni yóò ti bá a wí?

Àgbálọgbábọ̀

Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé ta ni ó fún mẹ̀kúnnù ní ohùn lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ó má yára dárúkọ Sony tàbí NFB. Ìgbìmọ̀ Saint-Jacques ti wà kí Portapak tó dé, ẹgbẹ́ ará Fogo ti wà kí Low tó dé. Ohùn ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó wá láti òde ṣe ni pé wọ́n gbé agogo sílẹ̀ fún onílé láti lù. Níbi tí onílé ti lu agogo náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ayé ju ìgbà tí àlejò tí ó káàánú rẹ̀ ń bá a lù ú lọ.

Ohun kejì ni pé ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀bùn. Títì tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni àwọn ará New York fi ra ìkànnì wọn, nípa ìdúnàádúrà tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹ̀kẹta ni pé òfin kì í dúró fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1972 wó ní 1979, wọ́n tún un kọ́ ní 1984, ẹjọ́ ọdún 2019 sì tún mì ín. Owó tí ó ń gbé ìkànnì náà ró ń dínkù bí àwọn ènìyàn ti ń fi wáyà sílẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lóde òní, kámẹ́rà tí ó dára ju Portapak lọ wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ òfin ni ó kù, nítorí ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó ni ọ̀nà tí àwòrán inú fóònù ń gbà kọjá, kò sì sí ìlú tí ó bá wọn dúnàádúrà títì kí wọ́n tó là á. Ìran tí ó bá fẹ́ kí agogo máa dún láti àdúgbò dé ààfin yóò ní láti tún ìdúnàádúrà yẹn ṣe.